Dísíríbútọ̀ àti Táímíìnì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Tò Ó àti Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù Rẹ̀

Ní ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀fà gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin, a ṣì ń rí ọkọ̀ Peugeot 504, pàápàá jù lọ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù, tó ń kó iṣu, gbágùúdá àti pákó. Ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Kàdúná ní oṣù Kẹta ọdún 1975. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Èkó, tí ọkọ̀ Beetle, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ìjàpá, sì túbọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba.

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Ohun tó ń pinnu ìgbà tí iná yóò ta nínú ẹ́ńjìnnì wọn ni dísíríbútọ̀, ohun èlò roboto kan tí kò tóbi ju ife ìmumi lọ, tí wáyà márùn-ún máa ń jáde lórí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tàbí tí kò lágbára mọ́ láti gun òkè, kábúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Wọn á tú u, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sì dá a padà, àìsàn náà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nínú dísíríbútọ̀ ni ọ̀pọ̀ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kan àpò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo pẹtiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí iná rẹ̀ pẹ́ máa ń mu epo láìṣiṣẹ́ tó epo tó mu. Èyí tí iná rẹ̀ sì yá jù lè jó písítọ̀nì, èyí tí àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó tí olówó ọkọ̀ fi ra ọkọ̀ náà lọ. Àwọn ọ̀gá mẹ́káníìkì tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ti ń dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lónìí sì ti mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ lára láti ka àìsàn rẹ̀ jáde. Kò sí ibi tí wọn yóò ti ẹ̀rọ yẹn bọ̀ lára 504. A kọ àlàyé yìí fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, àti fún ẹni tó ni ọkọ̀ àtijọ́ tó sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i.

Bí iná ṣe ń dé inú ẹ́ńjìnnì

Nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, písítọ̀nì máa ń gòkè, á sì fún àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Àdàlù yìí kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba àkókò díẹ̀ kí iná tó ràn dé gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ta iná díẹ̀ ṣáájú kí písítọ̀nì tó dé òkè pátápátá, kí agbára jíjó náà lè bá a ní ìgbà tó ti ń padà bọ̀ nísàlẹ̀, kí ó sì tì í. Dígírì ni a fi ń wọn ṣíṣáájú yìí, nítorí pé yíyí kan ti ọ̀pá kírańkì jẹ́ dígírì 360. Òun gan-an ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní táímíìnì.

Bí iná bá yá jù, agbára jíjó yóò kọlu písítọ̀nì nígbà tó ṣì ń gòkè. Awakọ̀ yóò gbọ́ ìró kan bí ẹni tó ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Kí a má ṣe fi èyí pe ohun tí àwọn mẹ́káníìkì ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì ti “nọ́ọ̀kì”. Ìyẹn jẹ́ pé irin inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ tán, ó sì ń kan gbọ̀ngbọ̀n lọ́nà tó wúwo. Ìró òkúta wẹ́wẹ́ yìí ṣì jẹ́ ìkìlọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ tó sì ń tẹ epo mọ́lẹ̀ lọ, ó ń fi písítọ̀nì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bí iná bá sì pẹ́ jù, ọkọ̀ kò ní lágbára, omi rédíétọ̀ yóò máa gbóná, ọ̀pá èéfín náà yóò sì gbóná kọjá bó ṣe yẹ.

Láti inú bátìrì ni iná náà ti ń bẹ̀rẹ̀, fóòtì 12 péré. Ó ń gba inú kọ́ìlì kọjá, ó sì ń gba ojú irin méjì kékeré tó fẹnu kora, tí à ń pè ní kọ́ńtáàtì, wọ bọ́dì ọkọ̀ lọ. Ní àárín dísíríbútọ̀ ni ọ̀pá kan wà tó ní igun mẹ́rin fún ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin. Bí igun kan bá ti gbé gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì sókè, ojú irin méjèèjì yóò ya ara wọn, iná yóò já lójijì, kọ́ìlì yóò sì sọ fóòtì 12 náà di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tó lè tó 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rótọ̀ tó ń yí lókè ni yóò gbà á, tí yóò sì pín in fún púlọ́ọ̀gì tí ó kàn. Charles Kettering, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló mú ètò yìí jáde fún ọkọ̀ Cadillac ní nǹkan bí ọdún 1910. Kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà.

Ọ̀pá dísíríbútọ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan bí kírańkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì yẹn ń ya ara rẹ̀ ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ ro ohun tí ìyẹn ń ṣe sí gìgísẹ̀ kékeré náà láti Ọ̀fà dé Ìlọrin, ọ̀nà tó lé ní 50 kìlómítà.

Kọ́ńtáàtì ni kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe táímíìnì

Èyí ni ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú àlàyé yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdúró dísíríbútọ̀ láti yí i síwájú tàbí sẹ́yìn láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ wọn àlàfo tó wà láàrin ojú irin méjèèjì nígbà tí gìgísẹ̀ bá wà lórí ṣóńṣó igun. Ìdí rẹ̀ ni pé àlàfo yìí fúnra rẹ̀ ń yí táímíìnì padà. Bí gìgísẹ̀ bá ń jẹ, àlàfo yóò máa dín kù, kọ́ńtáàtì yóò máa pẹ́ kí ó tó ya, iná yóò sì máa pẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fẹ àlàfo náà, kọ́ńtáàtì yóò tètè ya, iná yóò sì yá.

Mo ti rí ohun tí àìmọ èyí ń fà. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mọ̀lẹ́bí wa kan ní 504 tó fi ń ná ọjà. Agbára ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mẹ́káníìkì kan ní ẹ̀bá ọ̀nà tú bóòtì dísíríbútọ̀ díẹ̀, ó yí i títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi dùn létí rẹ̀, ó sì dè é. Ọkọ̀ náà tún sáré bíi tuntun, gbogbo wa sì yìn ín. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mẹ́káníìkì mìíràn ní ìlú mìíràn ra kọ́ńtáàtì tuntun sí i, ó sì fi àlàfo tó pé sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Kò wo táímíìnì, nítorí pé kò mọ̀ pé ẹnì kan ti yí i. Kọ́ńtáàtì tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ló fà á tí iná fi pẹ́ nígbà àkọ́kọ́; ẹni àkọ́kọ́ sì fi yíyí dísíríbútọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹnì kejì tún ohun tó bàjẹ́ gan-an ṣe, iná yá ní ìlọ́po méjì. Ìró òkúta wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ ní epo ni kò dára. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí písítọ̀nì kan fi lu. Àwọn mẹ́káníìkì méjèèjì ló ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó tọ́; ẹni tó ni ọkọ̀ ló san owó rẹ̀, tí ó sì jókòó sílé fún oṣù méjì láìní ohun tí yóò fi kó ọjà.

Àlàfo tí ìwé ọkọ̀ sọ fún Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ àti fún Beetle jẹ́ nǹkan bíi 0.4 mìlímítà. Fìlà géèjì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn àwọn ewé irin tínrín tí a kọ nọ́ńbà ìnípọn wọn sí lára. Kò wọ́n, a sì ń rí i rà níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́. Ewé náà gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ìfọwọ́kàn díẹ̀, kí ó má há, kí ó má sì tú. Àwọn tó ń lo páálí sìgá tàbí èékánná ọwọ́ láti wọ̀n ọ́n, orí ló ń bá wọn ṣe é. Ohun kan tún wà: bí kọ́ńtáàtì bá ti lò pẹ́, ojú kan máa ń yọ òkè kékeré, ojú kejì á sì jin kòtò. Fìlà géèjì yóò jókòó lórí òkè náà, yóò sì parọ́ fún yín. Ẹ fi fáìlì pẹlẹbẹ yọ òkè náà kúrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ kúkú pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe lo sáńdípépà, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń kù sí ojú irin.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀, bí orí ìṣáná, sí ara igun ọ̀pá náà níbi tí gìgísẹ̀ ti ń fi ara kàn án. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ta sí ojú kọ́ńtáàtì, ọkọ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí rárá, gìgísẹ̀ yóò jẹ kíákíá.

Títo táímíìnì pẹ̀lú gílóòbù kan

Nígbà tí àlàfo bá ti pé, a lè to táímíìnì. Ẹni tí kò ní iná táímíìnì olówó ńlá lè lo gílóòbù fóòtì 12 kékeré tó ní wáyà méjì.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti ara pọ́lì ní ọ̀nà tó máa ń yí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti àtàǹpàkò yín jáde, písítọ̀nì kìíní ti ń gòkè láti fún àdàlù pọ̀ nìyẹn. Ẹ tẹ̀síwájú díẹ̀díẹ̀ títí àmì táímíìnì yóò fi ṣe déédéé. Lára pọ́lì tàbí lára fíláwííìlì ni àmì yìí máa ń wà, ìwé ọkọ̀ yóò sì sọ ibi tó wà àti iye dígírì tó dúró fún. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ẹ má ṣe kàn fà á padà sí àmì. Ẹ dá a padà sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tó tún bọ̀ síwájú, kí àlàyè inú eyín irin má baà tàn yín.

Ẹ so wáyà gílóòbù kan mọ́ ojú kọ́ìlì tí wáyà rẹ̀ ń lọ sí dísíríbútọ̀, kí ẹ so èkejì mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ iná. Ẹ tú bóòtì tó di dísíríbútọ̀ mú níwọ̀nba, kí ó lè yí ṣùgbọ́n kí ó má ṣe mì. Ẹ yí ara dísíríbútọ̀ sí ọ̀nà tí rótọ̀ máa ń yí títí gílóòbù yóò fi kú. Kọ́ńtáàtì ti pa dé nìyẹn. Nísinsin yìí, ẹ yí i padà lòdì sí ọ̀nà rótọ̀, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìkànnì rédíò. Ní kété tí gílóòbù bá tàn, kọ́ńtáàtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ya nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni iná yóò ti ta. Ẹ de bóòtì náà níbẹ̀. Ẹ pa iná ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ronú lọ́wọ́, nítorí pé bí kọ́ńtáàtì bá pa dé tí kọ́kọ́rọ́ sì ṣí fún ìgbà pípẹ́, kọ́ìlì lè gbóná jó.

Ọ̀rọ̀ sílíńdà kìíní yìí ti kó ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì sí wàhálà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni sílíńdà kìíní wà. Nínú Peugeot 504, ẹ̀gbẹ́ fíláwííìlì, lọ́dọ̀ awakọ̀, ni a ti ń kà á. Bí ìwé bá sọ pé kí rótọ̀ kọjú sí wáyà sílíńdà kìíní, tí mẹ́káníìkì sì lọ fi wáyà yẹn sí púlọ́ọ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, iná yóò ta ní ìdakejì àkókò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò máa tú epo sí ẹnu kábúrétọ̀ tàbí kí ó máa yìnbọn láti ọ̀pá èéfín, kò sì ní ṣiṣẹ́. Ètò tí iná ń gbà pín nínú 504 ni 1-3-4-2. Ti Beetle yàtọ̀, 1-4-3-2 ni, sílíńdà kìíní rẹ̀ sì wà ní iwájú ní apá ọ̀tún. Àmì gígé kékeré kan tún wà ní etí ara dísíríbútọ̀ rẹ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tí rótọ̀ yóò kọjú sí fún sílíńdà kìíní. Kí a tó yọ wáyà kankan kúrò lórí ìdérí, kí a fi péǹtì tàbí téépù kọ nọ́ńbà sí gbogbo wọn lára. Ìṣẹ́jú méjì ni, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àárọ̀ kan gbáko.

Iye dígírì kò dọ́gba fún gbogbo ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ Beetle àtijọ́ ń fẹ́ dígírì 7.5 ṣáájú òkè, nígbà tí àwọn kan nínú èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970 ń fẹ́ dígírì 5 lẹ́yìn òkè, tí a sì gbọ́dọ̀ fi iná táímíìnì wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì ni, síbẹ̀ nọ́ńbà ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a gba nọ́ńbà lẹ́nu ẹni tó ni ọkọ̀ tó jọ tiwa. Nọ́ńbà wà lára dísíríbútọ̀ àti lára ẹ́ńjìnnì. Òun ni kí a mú lọ sínú ìwé.

Wíwá àléébù

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iná ń jáde. Kí ẹ yọ wáyà tó ti kọ́ìlì wá sí àárín ìdérí dísíríbútọ̀, kí ẹ fi ohun tí iná kò lè gbà kọjá di wáyà náà mú ní nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún sí irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kejì sì yí kọ́kọ́rọ́. Iná búlúù tó ń dún pápá túmọ̀ sí pé kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà ń ṣiṣẹ́. Àléébù wà ní ìdérí, rótọ̀, wáyà púlọ́ọ̀gì tàbí táímíìnì. Iná pupa tí kò lókun, tàbí kí ó má sí iná rárá, ń dá wa padà sínú dísíríbútọ̀ àti sí kọ́ìlì. Kí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìrànwọ́ sí lọ́kàn má ṣe súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò yìí. Kí wọ́n má sì ṣe é níbi tí epo ti ń jò.

Kọ́ńdẹ́ńsà ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Gòlótó irin kékeré yìí ló ń gba iná tí ìbá ta láàrin ojú kọ́ńtáàtì nígbà tó bá ń ya. Bí ó bá kú, kọ́ńtáàtì yóò máa ta iná funfun tó lágbára, ojú rẹ̀ yóò dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ aró, ọkọ̀ yóò sì ṣòro láti ṣiṣẹ́ tàbí kí ó máa kú nígbà tó bá gbóná. Ẹni tó bá pààrọ̀ kọ́ńtáàtì lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù kan láìpààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà ń na owó rẹ̀ lásán. Láti sọ òtítọ́, èyí tí wọ́n ń tà lónìí kò lágbára bíi ti àtijọ́. Kí èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa má ṣe di ìdàjùnù nítorí pé a ra tuntun.

Ìdérí náà nílò ojú tó mọ́. Kí a nù ún, kí a sì wò ó ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ilà dúdú tínrín bí irun tó ti ọ̀nà wáyà kan lọ sí òmíràn jẹ́ ọ̀nà tí iná ti ń sá lọ. Kò sí àtúnṣe fún un ju pípààrọ̀ lọ. Edú kékeré tó wà ní àárín ìdérí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì máa wọlé kí ó sì máa jáde pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀. Ní àkókò òjò, àti pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá fi omi ẹ̀rọ fọ ẹ́ńjìnnì, omi máa ń wọ inú ìdérí. Ọkọ̀ á kú lójú ẹsẹ̀ ní ilé ìfọkọ̀, ẹni tó fọ̀ ọ́ á sì máa bẹ̀bẹ̀. Aṣọ gbígbẹ ni oògùn rẹ̀. Ní ọyẹ́, eruku ló ń wọ ibẹ̀, òun náà sì ń gba iná lára.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí táímíìnì kò dúró lójú kan, tí iná táímíìnì ń fi àmì náà hàn bí ohun tó ń jó, ẹ di orí ọ̀pá dísíríbútọ̀ mú kí ẹ sì mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, bọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ. Àlàfo kọ́ńtáàtì kò ní dúró fún irú dísíríbútọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé, kò sì sí ẹni tó lè to táímíìnì rẹ̀. Atọ́nà irin tó mọṣẹ́ lè fi bọ́ọ̀ṣì tuntun sí i.

Àwọn irin wíwúwo méjì pẹ̀lú sípíríǹgì wà lábẹ́ pẹpẹ kọ́ńtáàtì nínú ọ̀pọ̀ dísíríbútọ̀. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí iná yá sí i nígbà tí eré bá pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí rótọ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà tó máa ń yí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò padà fúnra rẹ̀. Bí ó bá dúró síbẹ̀, ìpẹtà ti dè é, ọkọ̀ náà kò sì ní lágbára lójú pópó bó ti wù kí táímíìnì rẹ̀ pé tó nígbà tó dúró. Ọpọ́n afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ dísíríbútọ̀, tí rọ́bà tínrín so ó mọ́ kábúrétọ̀, tún ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbà tí awakọ̀ bá ń tẹ epo jẹ́jẹ́. Ẹ yọ rọ́bà náà ní ìhà kábúrétọ̀, kí ẹ fi ẹnu fà á, kí ẹ sì fi ahọ́n dí i. Pẹpẹ kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ yí, kí ó sì dúró níbẹ̀. Bí kò bá dúró, awọ inú rẹ̀ ti ya. Ọ̀pọ̀ rewáyà máa ń fi ìṣó dí rọ́bà yìí pé kò wúlò. Ó wúlò fún epo, òun gan-an ló ń dín owó epo kù lójú ọ̀nà tó tẹ́jú.

Ọkọ̀ tó ń kú nígbà tó bá gbóná, tó sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ wo kọ́ìlì. Oríṣi kọ́ìlì kan wà tí wọ́n ṣe láti máa bá rẹsísítọ̀ kan ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí wọ́n bá so ó tààrà mọ́ fóòtì 12, yóò máa gbóná, yóò sì máa jó kọ́ńtáàtì. Kí ẹ bi ẹni tó ń tà á ní oríṣi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lára.

Ọ̀rọ̀ epo àti ọ̀rọ̀ iná

Àwọn tó kọ ìwé ọkọ̀ wọ̀nyí kọ ọ́ ní ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi òjé sínú epo pẹtiróòlù. Òjé náà ń mú kí epo fara da ìfúnpọ̀ kí ó tó jó. Ilẹ̀ Nàìjíríà ti dáwọ́ rẹ̀ dúró láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn ní àgbáyé sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2021, nítorí pé òjé ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, bí àlàfo bá pé, tí táímíìnì sì wà ní nọ́ńbà ìwé, tí ọkọ̀ ṣì ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ lórí òkè, ẹ lè fa iná náà sẹ́yìn ní dígírì kan tàbí méjì, kí ẹ sì tún gbé e gun òkè kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà. Ẹ má ṣe kọjá ibi tí ìró náà ti dákẹ́.

Àṣà kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbangba. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, àwọn kan máa ń bu epo láti inú ike, wọ́n á sì dà á sí ẹnu kábúrétọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí táímíìnì bá ṣì, iná lè tú jáde láti ẹnu kábúrétọ̀ bọ́ sórí ọwọ́ tó mú ike epo náà. Bí wáyà kan bá ń ta iná sára irin, òun náà tó láti ran epo. Ẹ dán iná wò kí ẹ tó ronú epo, kí ẹ gbé ike epo jìnnà, kí ẹ sì ní yanrìn tàbí ẹ̀rọ ìpaná nítòsí. Bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà ní alẹ́, kí ẹ tì í kúrò lórí ọ̀dà, kí ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ibi tó jìnnà dáadáa kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà pàjáwìrì àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ni 122.

Àwọn kan ti yọ kọ́ńtáàtì kúrò nínú dísíríbútọ̀ wọn, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ tí kò ní ojú irin sí i. Gìgísẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti jẹ mọ́, ṣùgbọ́n ìdérí, rótọ̀, wáyà, irin wíwúwo àti ọpọ́n afẹ́fẹ́ ṣì wà, gbogbo ohun tí a sọ nípa wọn sì ṣì kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má ṣe lo gílóòbù fún táímíìnì tirẹ̀. Iná táímíìnì ni kí wọ́n lò.

Fún ẹni tó ṣì ń lo kọ́ńtáàtì, ó dára kí ó máa ṣí ìdérí wò ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tuntun sí i, kí ó tún wọn àlàfo rẹ̀ lẹ́yìn 500 kìlómítà àkọ́kọ́, nítorí pé gìgísẹ̀ tuntun máa ń tètè jẹ díẹ̀ kí ó tó bá igun ọ̀pá náà mọ́ra. Bí ó bá sì yí àlàfo náà padà, kí ó tún wo táímíìnì lọ́jọ́ náà gan-an.